Ẹni Tí Kò Kọ Ìwé Ìhágún, Ìjà Ló Há Fún Ọmọ

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lóṣù yìí kò ní dùn mọ́ àwọn kan nínú. Bí ó bá bí yín nínú, ẹ dákun, ẹ kà á tán kí ẹ tó ju ìwé sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn baba tó kọ́lé méjì, mẹ́ta ni, tí wọn kò kọ ìlà kan ṣoṣo sílẹ̀ nípa ẹni tí yóò ni ín lẹ́yìn wọn. Mo ní ìwà ìkà ni. N kò pè é ní ìgbàgbé, n kò pè é ní àìmọ̀. Ìwà ìkà ni, àwọn ọmọ tí wọ́n bí nínú ara wọn ni wọ́n sì ń hù ú sí.

Ẹ rìn gba Mushin, ẹ gba Ṣómólú, ẹ wọ Ìbàdàn dé Òkè-Àdó, kí ẹ máa wo ara ògiri. Ẹ ó rí i tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà pé ilé yìí kì í ṣe títà o, kí oníjìbìtì má tan ẹnikẹ́ni jẹ. Àlejò a máa rò pé àwọn ọmọ 419 nìkan ni wọ́n fi ń lé. Irọ́ ni! Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n ti fẹ́ ta ilé mọ́ àbúrò lórí, àbúrò ti sáré lọ ra ọ̀dà. Baba tó kọ́ ilé náà wà nínú ilẹ̀, ó dákẹ́. Bó ṣe dákẹ́ náà nìyẹn nígbà tó wà láyé.

Ẹ wí fún irú baba bẹ́ẹ̀ pé kó lọ rí lọ́yà, ẹ ó gbọ́ èsì. Ọ̀gá kan wà tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an, a jọ ń ṣe ẹgbẹ́ ládùúgbò ni. Mo bi í lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìpàdé.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti kọ ìwé ìhágún yín?"

Ojú rẹ̀ yí padà bìrí. "Kí lo wí? Ikú mi lò ń wá ni, àbúrò?"

"Háà, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ó pẹ́ fún wa. Ilé mẹ́ta tí ẹ kọ́ yẹn ni mo ń rò."

"Máa ro tìẹ. Ẹbí mi mọ ohun tí wọ́n máa ṣe."

Ẹ gbọ́ ná! Ọkùnrin yìí kan náà ló ń dá owó ìsìnkú lóṣooṣù nínú ẹgbẹ́ wa, kí a lè fi màlúù yẹ́ ẹ sí lọ́jọ́ tó bá lọ. Ó ti fi ibi tí wọn ó sin òun sí han àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ti sọ irú léèsì tí òun fẹ́ kí a fi ṣe aṣọ ẹbí, ó tún kìlọ̀ pé kí wọ́n má gbé olórin kan báyìí wá nítorí pé orin rẹ̀ kò dùn. Gbogbo ìyẹn kò pa á. Ó ń san owó inṣọ́ránsì lórí mọ́tò rẹ̀ lọ́dọọdún, mọ́tò náà kò tìtorí bẹ́ẹ̀ forí sọ igi. Ìwé pélébé kan ni yóò wá pa á? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi àwàdà sílẹ̀. Ẹ̀rù ikú kọ́ ló ń ba irú wọn. Ẹ̀rù kí ìyálé má gbọ́ ohun tí wọ́n fún ìyàwó, kí ìyàwó má gbọ́ ohun tí wọ́n fún ìyálé, ni ó ń bà wọ́n. Wọ́n fẹ́ kí ìjà náà dúró dìgbà tí àwọn kò ní sí níbẹ̀ mọ́.

Ká wá wo "ẹbí mi mọ̀" yẹn dáadáa, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀ wà.

Ọkùnrin kan gbé l'Ékòó tó ń jẹ́ Suberu Dawodu. Ó fẹ́ ìyàwó mẹ́rin, ó bí ọmọ mẹ́sàn-án, ó kú láìkọ ìhágún. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí bí wọn ó ṣe pín ohun tó fi sílẹ̀. Ṣé ìdí-igi ni, kí a pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, kí ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan? Àbí orí-ò-jorí, kí ọmọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán gbà dọ́gba-dọ́gba? Adájọ́ àkọ́kọ́ ní ìdí-igi ti di ohun àtijọ́, kò sì bá ẹ̀tọ́ mu. Ilé-ẹjọ́ tó ga jùyẹn lọ dá ìdájọ́ náà nù ní 1958. Ẹjọ́ kọjá òkun, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ Privy Council ní London, 1962 ni wọ́n tó wí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn: ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, ó ṣì wà láàyè, bí àwọn ọmọ bá ń jà lórí ìpín, olórí ẹbí lè ní kí wọ́n pín in l'orí-ò-jorí. Nàìjíríà ti gba òmìnira láti 1960 o, ogún ọmọ Èkó ṣì wà lórí tábìlì àwọn adájọ́ òyìnbó! Òun ni ẹbí tó mọ ohun tí wọ́n máa ṣe.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ìyàwó méjì ni ẹnìkan ní. Ìyálé bí ọmọ kan, ìyàwó kékeré bí mẹ́fà. Owó ilé tó ń wọlé lọ́dún jẹ́ ₦4,200,000. Bí wọ́n bá pín in ní ìdí-igi, ọmọ ìyálé nìkan á kó ₦2,100,000, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà á mú ₦350,000. Bí wọ́n bá pín in l'orí-ò-jorí, kálukú á gba ₦600,000. Ṣé ẹ rí i? Ìpín tí yóò mú ọmọ kan rẹ́rìn-ín ni yóò mú mẹ́fà gbé lọ́yà. N kò sọ pé èyí dára ju tọ̀hún lọ. Ìdí-igi ní ọgbọ́n tirẹ̀, ó ń gba ọmọ kan ṣoṣo lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èrò. Ohun tí mo ń sọ ni pé baba tó ṣiṣẹ́ owó ni ó yẹ kó yàn. Ó mọ èyí tí ara rẹ̀ kò yá nínú àwọn ọmọ, ó mọ èyí tó ti rán lọ sí yunifásítì, ó mọ èyí tó bá òun ru búlọ́ọ̀kù nígbà tí òun ń kọ́lé. Olórí ẹbí lè má mọ ọ̀kan nínú gbogbo ìyẹn.

Kò tán síbẹ̀. Ilé tí baba kọ́ fúnra rẹ̀, bí àṣà bá jogún rẹ̀, ó ti di ilé ẹbí. Ẹnìkan kò lè dá a tà, kò lè fi yá owó ní báǹkì, àfi bí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ọmọ bá jọ fọwọ́ sí i. Òrùlé jò, ta ni yóò tún un ṣe? Olúkúlùkù ń wo ẹnìkejì. Lẹ́yìn ogún ọdún, àwọn ọmọ-ọmọ ti kún yàrá méjìlá, ilé ìdáná kan, ṣáláńgá kan. Baba fi ọrọ̀ sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ kan tó ní i.

Nítorí náà, kò sí onílé kan láyé yìí tí kò ní ìwé ìhágún. Ẹni tí kò bá kọ tirẹ̀, ẹlòmíràn ti bá a kọ ọ́: àṣà kọ apá kan, ìjọba kọ apá kan, àwọn àbúrò bàbá fi ẹnu kọ ìyókù lọ́jọ́ keje òkú.

Ìyàwó ńkọ́? Ibí ni inú mi ti máa ń ru. Nínú àṣà wa, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Ó lè máa gbé ilé náà, àwọn ọmọ rẹ̀ lè jogún, òun fúnra rẹ̀ kò ní ìpín. Láyé àtijọ́, òun gan-an wà nínú ogún, wọ́n á ní kí àbúrò ọkọ ṣú u lópó. Ó yé mi pé ìgbà yẹn, ilẹ̀ ẹbí ni gbogbo wọn ń ro, oúnjẹ wà nínú oko, obìnrin ní ilé bàbá tirẹ̀ láti padà sí. Ṣùgbọ́n ìyàwó òde òní ńkọ́, tó fi owó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ra símẹ́ńtì, tó gba owó àjọ láti fi kan páànù, tó jẹ́ pé orúkọ ọkọ nìkan ló wà lórí ìwé ilẹ̀? Ọkọ kú lónìí, lọ́la ni àwọn ará ilé á máa béèrè kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀, wọn á ní kó kó ìwé báǹkì jáde. Ọkọ tó pè é ní "ìyàwó mi àtàtà" fún ọgbọ̀n ọdún kò lè fi gbólóhùn kan gbà á sílẹ̀.

Ẹni tó bá ṣe ìgbéyàwó ní kóòtù, tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún ní àṣẹ, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Láti 1898 ni kóòtù Èkó ti sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Cole, nígbà tí arákùnrin òkú wá pé òun ni àjogún, tí opó ní ó tì o. Kóòtù ní àṣà ìbílẹ̀ kọ́ ni yóò pín ogún ẹni tó gbéyàwó lọ́nà Kristẹni bẹ́ẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ṣe ju ìdána lọ? A kó iṣu, a kó ọtí, a ya fọ́tò, ó tán. Ẹ̀yin ọkọ tí ẹ kò ní lọ sí kóòtù, ẹ fi orúkọ ìyàwó yín sórí ìwé ilẹ̀ tí ẹ jọ rà, kí ẹ sì kọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀ sínú ìhágún.

Ti ọmọbìnrin kò le tó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ọmọbìnrin ń jogún bàbá rẹ̀ níbí bí ọkùnrin ṣe ń jogún. Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole, tí wọ́n dá l'Ékòó ní 1909, kóòtù gbà pé obìnrin tó jẹ́ àgbà ọmọ lè ṣe olórí ẹbí. Kí ẹnikẹ́ni má fi "obìnrin ni ẹ́" lé arábìnrin rẹ̀ jáde.

Ọmọ ìta wá kù. Ẹ̀yin baba, ẹ mọ ohun tí mo ń wí. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín ni? Ó dáa. Láti ìgbà òfin ìpìlẹ̀ 1979 ni orílẹ̀-èdè yìí ti sọ ọ́, èyí tí à ń lò láti 1999 sì tún un sọ ní abala 42, pé a kò gbọdọ̀ tìtorí bí wọ́n ṣe bí ènìyàn fi ohunkóhun dù ú. Ọmọ tí ẹ fi pamọ́ sí Ìlọrin yóò wọ aṣọ funfun wá síbi òkú yín, yóò mú fọ́tò dání, àwọn ọmọ ilé yóò máa wo imú rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ nísinsìnyí tí ẹnu yín ṣì lè ṣàlàyé.

Àṣìṣe kan tún wà tó ń bà mí nínú jẹ́ jù, nítorí pé àwọn alákọ̀wé ló ń ṣe é jù. Ní báǹkì, níbi iṣẹ́, lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì, wọ́n máa ń ní kí a kọ orúkọ ẹnìkan síbi tí wọ́n kọ "next of kin" sí. Kálukú á kọ orúkọ ìyàwó tàbí ti àkọ́bí, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ pé òun ti há ogún. Kò há nǹkan kan! Orúkọ ẹni tí wọn yóò ránṣẹ́ sí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni, kò sọ ẹni náà di àjogún. Bí onílé bá kú láìkọ ìwé, báǹkì á ti àpò owó náà pa. Wọn á ní kí ẹbí lọ gba ìwé àṣẹ láti ṣàkóso dúkìá òkú ní ọ́fíìsì Probate ní Kóòtù Gíga. Wọn á béèrè onídùúró. Bí ẹnìkan ṣoṣo nínú ẹbí bá sì kọ̀wé síbẹ̀ pé òun kò fara mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ dúró gbagidi nìyẹn. Owó iléèwé àwọn ọmọ wà nínú báǹkì, àwọn ọmọ wà nílé.

Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 tún ní kí agbanisíṣẹ́ ra inṣọ́ránsì ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́ tí òfin náà kàn, tí iye rẹ̀ kò ní dín ní ìlọ́po mẹ́ta gbogbo owó tó ń gbà lọ́dún kan. Òṣìṣẹ́ mélòó ló ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé irú owó bẹ́ẹ̀ wà? Ẹni tí kò mọ̀ pé ohun kan wà, báwo ni yóò ṣe béèrè rẹ̀?

Ó dáa, báwo ni a ṣe ń ṣe é? Kò le tó bí ẹ ṣe rò. Ẹni tó dàgbà, tí orí rẹ̀ pé, tí ẹnikẹ́ni kò fipá mú, ló lè kọ ọ́. Ó gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀. Yóò fọwọ́ sí i lójú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ẹlẹ́rìí náà yóò sì fọwọ́ sí i lójú rẹ̀. Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣubú rèé: ẹlẹ́rìí kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí a há nǹkan fún, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ jẹ́ ọkọ tàbí ìyàwó ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹni tó pe ìyàwó àti àkọ́bí rẹ̀ wá jẹ́rìí sí ìwé tó fi fún wọn nílé ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ilé náà kúrò lọ́wọ́ wọn. Ẹ pe aládùúgbò, ẹ pe akọ̀wé lọ́yà. Wọn kò nílò láti ka ohun tó wà nínú ìwé, ìfọwọ́sí yín nìkan ni wọ́n ń wò.

Ẹ yan ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta tí wọn yóò mú ìhágún náà ṣẹ, ẹni tí kì í ṣe ọ̀mùtí, tí gbèsè kò sì wọ̀ lọ́rùn. Bí ọmọ bá ṣì kéré, ẹ kọ ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ àti owó tí wọn yóò máa fi tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀rù kan tí mo tún máa ń gbọ́ ni pé bí àwọn ọmọ bá ti mọ̀, wọn á lé bàbá jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé ìhágún kò ní agbára kankan títí ẹni tó kọ ọ́ yóò fi kú. Bí inú bá bí yín lọ́la, ẹ lè ya á, ẹ lè kọ òmíràn, ẹ lè ta ilé náà kí ẹ fi owó rẹ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹni tó bá tún lọ ṣe ìgbéyàwó kóòtù lẹ́yìn tó kọ ìwé, ìgbéyàwó yẹn ti pa ìwé àtijọ́ rẹ́. Kó lọ kọ tuntun.

Ẹ má sì há ohun tí kì í ṣe tiyín. Mo ti rí ẹni tó kọ ilé bàbá rẹ̀ sínú ìhágún bí ẹni pé òun nìkan ni wọ́n bí. Ilé ẹbí kò ṣeé há. Bí ẹ bá kọ́ ilé sórí ilẹ̀ ẹbí, ẹ lọ gba ìwé lọ́wọ́ ẹbí nígbà tí àwọn àgbà tó fún yín ní ilẹ̀ ṣì wà láyé. Ẹ kó rìsíìtì ọmọ onílẹ̀, ìwé sáfèè, àti ìwé àṣẹ gómìnà tí a ń pè ní C of O, tí ó bá wà, síbi kan náà. Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ti 1978 ti dé ni ìwé ìjọba ti ń gbé onílẹ̀ nígbọ̀nwọ́ ní kóòtù. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London àti Amẹ́ríkà, tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́ kí ẹ̀gbọ́n bá yín kọ́lé ní Ìbàdàn, orúkọ ta ló wà lórí ìwé ilẹ̀ yẹn? Bó bá jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n, tí ẹ̀gbọ́n sì kú, àwọn ọmọ rẹ̀ á jogún òógùn yín pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

Àwọn Mùsùlùmí á ní, àwa ti ní ìpín tiwa nínú Àlùkùránì. Òótọ́ ni, n kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn náà ló ní kí a kọ́kọ́ san gbèsè òkú, òun ló sì fi ààyè sílẹ̀ kí ènìyàn sọ àsọtẹ́lẹ̀ lórí ohun tí kò ju ìdámẹ́ta dúkìá rẹ̀ lọ, fún ẹni tí kò sí lára àwọn ajogún. Ta ni yóò mọ gbèsè tí baba jẹ bí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀? Ta ni yóò bẹ̀rù Ọlọ́run lórí ìpín ilé tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó wà?

Gbogbo wa, ẹlẹ́sìn yòówù kí a jẹ́, ẹ ra ìwé kékeré kan kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú rẹ̀: báǹkì wo, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wo, àjọ ta ni, ìpín ìdókòwò wo, ta ló jẹ yín lówó, ta ni ẹ jẹ. Ìyẹn kì í ṣe ìhágún, àmọ́ ìhágún kò ní gún régé láìsí i. Lẹ́yìn náà, kí ẹ má kó ìwé ìhágún pamọ́ sábẹ́ ibùsùn níbi tí eku àti àbúrò ọkọ lè dé. Ẹ fi ọ̀kan sí Probate ní Kóòtù Gíga, wọn á lẹ̀ ẹ́ pa, ẹnikẹ́ni kò sì ní tú u nígbà tí ẹ wà láyé. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ibẹ̀ nìkan o. Ní oṣù kẹwàá 2020, gbogbo wa ló rí i bí iná ṣe jó Kóòtù Gíga tó wà ní Igbóṣeré l'Ékòó. Kí òmíràn wà lọ́wọ́ lọ́yà, kí òmíràn wà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn tí yóò mú un ṣẹ, kí ìyàwó ilé sì mọ orúkọ lọ́yà náà àti òpópónà tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà.